Serial console dákẹ́ nígbà tí server ń jí: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí wò?

Akọ̀wé Yàrá Ẹ̀rọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Server kan wà ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè Sábó, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níhìn-ín. Debian, irú Linux kan, ni ó wà lórí rẹ̀. Kò ní mọ́nítọ̀, kò sì ní kíbọọ̀dù. Wáyà serial onípínnì mẹ́sàn-án ni a fi ń bá a sọ̀rọ̀ láti orí láptọ́ọ̀pù mi, èyí tí òun náà ń lo adápítọ̀ USB nítorí pé kò ní ihò serial tirẹ̀. Láti ọdún méjì tí mo ti gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é ṣáájú mi, bí a bá ti tan server náà ni ọ̀rọ̀ yóò ti máa yọ lójú láptọ́ọ̀pù, láti ìgbà BIOS (ètò tí ó kọ́kọ́ ń jí kọ̀ǹpútà) títí dé ibi tí yóò ti béèrè orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, bátìrì inverter sì tán ní òru kí ẹnikẹ́ni tó rántí pa server. Nígbà tí iná dé tí mo sì tan án, ohun tí mo rí kò yé mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àmì wúruwùru tí kò jọ lẹ́tà kankan ni ó ń tú jáde. Lẹ́yìn náà, àtẹ GRUB (ètò tí ó ń gbé Linux dìde) yọ dáadáa, ọ̀rọ̀ kernel, ìyẹn ọkàn Linux, sì ń sáré kọjá bí ó ti máa ń ṣe. Lójijì ni gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Mo dúró fún ogójì ìṣẹ́jú. Kò béèrè orúkọ, kò sì dáhùn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo ti pààrọ̀ wáyà, mo ti yí ìyára wáyà (iye bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan) láti 115200 sí 9600, mo sì ti dá a padà, bẹ́ẹ̀ ni mo ti yọ adápítọ̀ tí mo tún kì í bọ ihò rẹ̀ láìmọye ìgbà. Máàkì ìdánwò àwọn ọmọ fún sáà yìí wà nínú rẹ̀, ọ̀gá àgbà sì ti béèrè lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yìí nìkan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí.

Oníṣọ́ọ̀bù Tákíé:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Akọ̀wé. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ kúrò lára wáyà ná. Wáyà tí ó gbé ọ̀rọ̀ GRUB àti ti kernel dé ojú láptọ́ọ̀pù yín láìsí àbùkù kò jẹ̀bi ìdákẹ́jẹ́ tí ó tẹ̀lé e.

Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí àwọn mìíràn yóò ti ka ọ̀rọ̀ yìí, tí ẹjọ́ tiwọn sì lè jẹ́ ti wáyà lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù. Mo máa ń yọ orí wáyà kúrò lára server, mo sì fi ìrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan so pínnì 2 mọ́ pínnì 3 ní orí tí mo yọ náà. Bí mo bá wá tẹ lẹ́tà lórí láptọ́ọ̀pù, tí lẹ́tà kan náà sì padà wá hàn, a jẹ́ pé adápítọ̀ àti wáyà yè, ẹ̀bi sì wà níwájú. Bí kò bá sí ohun tí ó padà, a kò tíì dé ọ̀dọ̀ server rárá. Wáyà tí a fi ń so kọ̀ǹpútà méjì pọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí pínnì 2 rẹ̀ lọ́hùn-ún bọ́ sí pínnì 3 níhìn-ín, tí pínnì 5 sì lọ tààrà sí pínnì 5. Ní ojú, kò sí ìyàtọ̀ láàárín irú èyí àti wáyà tí kò ṣe ìyípadà kankan, mo sì ti rí ẹni tí ó fi ọjọ́ méjì bá BIOS jà nítorí rẹ̀.

Ẹjọ́ kejì tí ó máa ń wọ́pọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ń wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n ohun tí a bá tẹ̀ kì í lọ. Nínú minicom, ètò tí a fi ń ka wáyà serial lórí láptọ́ọ̀pù, Hardware Flow Control ni ẹ ó wò ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá wà ní Yes, tí wáyà yín kò sì ní ju okùn mẹ́ta lọ, láptọ́ọ̀pù yóò máa dúró de àmì ìyọ̀ǹda tí kò ní dé láéláé. Ẹ tẹ Ctrl-A, kí ẹ tẹ O, kí ẹ wọ Serial port setup, kí ẹ sì sọ ọ́ di No.

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìn Tì:

Oníṣọ́ọ̀bù ti sọ òótọ́. Mo fẹ́ kí Akọ̀wé mọ ohun kan tí yóò mú kí gbogbo ìyókù yé e.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn yìí, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ẹni mẹ́rin ń gbà wọ ọjà. BIOS ni ó kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ lórí wáyà yẹn. Bí ó bá ṣíwọ́, GRUB yóò gbà á. GRUB yóò fà á lé kernel lọ́wọ́, kernel yóò sì fà á lé systemd (ètò tí ó ń tan àwọn iṣẹ́ yòókù) àti ètò tí ó ń béèrè orúkọ. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní ètò tirẹ̀ àti ìyára tirẹ̀, kò sì sí èyí tí ó ń bi ẹnì kejì léèrè pé ìyára wo ni ó lò. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé console òun kò ṣiṣẹ́, ohun tí mo máa ń béèrè ni pé ohùn ta ni ó gbọ́ kẹ́yìn.

Lójú tèmi, àìsàn méjì ni ó wà lára server yìí, kì í ṣe ọ̀kan. Àmì wúruwùru ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ ti BIOS, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀ ní ìyára tí kì í ṣe 115200 mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ ìkẹyìn wà lẹ́yìn kernel, kò sì bá ti àkọ́kọ́ tan. Bí ẹ bá ń yí ìyára láptọ́ọ̀pù padà nítorí ti àkọ́kọ́, ńṣe ni ẹ ó máa ba ibi tí ó dára jẹ́ lójú ara yín.

Ẹ tún server náà tàn. Nígbà tí àtẹ GRUB bá yọ, ẹ tẹ lẹ́tà e, kí ẹ wá ìlà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú linux, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá níbẹ̀ ránṣẹ́ síbí gẹ́lẹ́ bí ó ti wà. Ẹ má tíì yí ohunkóhun padà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Under-G:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Kí a tó gbọ́ èsì Akọ̀wé, mo fẹ́ fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi kún un, nítorí pé ọ̀rọ̀ jíjí kọ̀ǹpútà náà ni. Bọ́ọ̀dù kékeré kan tí ó ń lo U-Boot, ètò ìjí bíi GRUB, wà lọ́wọ́ mi, wáyà serial rẹ̀ sì wà lára rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí iná bá lọ tí ó sì padà dé, bọ́ọ̀dù náà kì í jí. Bí mo bá jókòó tì í pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù, yóò jí wẹ́rẹ́. Ó tó oṣù kan kí n tó mọ̀ pé bí láptọ́ọ̀pù kò bá sí ní ìdí wáyà, okùn tí ó ń gba ọ̀rọ̀ wọlé wà ní gbangba láìsí ẹni tí ó dì í mú, ariwo iná tí ó bá sì kó sí i ni U-Boot ń kà sí lẹ́tà. Bẹ́ẹ̀ sì ni U-Boot ti sọ pé kí a tẹ ohunkóhun bí a bá fẹ́ dá òun dúró. Òun náà á wá dúró, á máa retí àṣẹ. GRUB náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí ó bá ti gba lẹ́tà kan lórí àtẹ ni yóò dẹ́kun kíka ìṣẹ́jú àáyá. Mo yọ wáyà náà kúrò lára bọ́ọ̀dù, ọ̀ràn tán.

Èkejì jẹ́ ti láptọ́ọ̀pù tí ó ń lo Ubuntu 22.04. Bí adápítọ̀ yín bá jẹ́ CH340, tí /dev/ttyUSB0 (orúkọ tí Linux fún adápítọ̀) yọ tí ó sì pòórá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ wo dmesg, ìyẹn àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ kernel. Ètò kan wà tí ń jẹ́ brltty, tí a ṣe fún àwọn tí kò ríran kí wọ́n lè fi ọwọ́ ka ojú kọ̀ǹpútà, ó sì máa ń rò pé ẹ̀rọ Braille ni adápítọ̀ náà. Bí kò bá sí ẹni tí ó ń lò ó lórí láptọ́ọ̀pù yín, ẹ yọ ọ́ kúrò. Bí ó bá sì jẹ́ pé Permission denied ni ẹ ń rí, ẹ fi orúkọ yín sínú ẹgbẹ́ dialout, kí ẹ jáde, kí ẹ sì tún wọlé.

Oníṣọ́ọ̀bù Tákíé:

Àbúrò, o ṣeun. Níwọ̀n bí o ti dárúkọ bọ́ọ̀dù, jẹ́ kí n fi ìkìlọ̀ kan kún un fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ. Ihò serial tí ó wà lẹ́yìn server jẹ́ RS-232, agbára iná orí rẹ̀ sì lè wà láàárín fóòtì (volt) 3 sí 15, ní apá àròpọ̀ àti ní apá àyọkúrò. Pínnì serial orí Raspberry Pi kò gbà ju fóòtì 3.3 lọ. Adápítọ̀ méjèèjì ni ó ń jẹ́ USB sí serial lọ́jà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ti RS-232 kan bọ́ọ̀dù ní tààrà yóò ra bọ́ọ̀dù tuntun. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Akọ̀wé Yàrá Ẹ̀rọ:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ohun tí mo bá ní ìparí ìlà náà nìyí, lẹ́yìn orúkọ kernel àti ti dísíìkì:

`ro console=ttyS0,115200n8 console=tty0`

Kí ló dé tí ìyára 9600 kò fi ní sàn jù fún wa, Olùkọ́? Wọ́n sọ fún mi pé èyí tí ó bá lọ́ra kì í ṣe àṣìṣe.

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìn Tì:

Á à, a ti rí i. Ẹ wo bí wọ́n ṣe to console méjèèjì: ttyS0 ni wáyà serial, tty0 ni ojú mọ́nítọ̀. Kernel máa ń kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí gbogbo console tí a bá dárúkọ fún un, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i kedere lórí wáyà. Ṣùgbọ́n èyí tí a bá dárúkọ kẹ́yìn ni ó ń di /dev/console, ibẹ̀ sì ni systemd ń sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí. Tiyín parí sí tty0, ìyẹn ojú mọ́nítọ̀, mọ́nítọ̀ kò sì sí. Ní ọjọ́ tí ara server yá, ẹ kò lè mọ̀ pé ohun kan sọnù, nítorí pé systemd máa ń ṣí ìbéèrè orúkọ sílẹ̀ lórí ttyS0 náà bí ó bá rí i pé kernel ń lò ó. Ẹ kàn máa ń rí àlàfo díẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ kernel àti ìbéèrè orúkọ. Ní báyìí tí ohun kan ti dá jíjí rẹ̀ dúró ní àárín àlàfo yẹn, ó ń pariwo sí ojú mọ́nítọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí. Kò kú. Ó ń bi yín ní ìbéèrè kan, ó sì ń dúró de èsì.

Ẹ padà sí GRUB, ẹ tẹ e, ẹ yí ètò náà padà kí ó di `console=tty0 console=ttyS0,115200n8`, kí ẹ sì tẹ Ctrl-X. Ẹ má lo F10, nítorí pé àwọn bọ́tìnì F kì í sábà dé òdìkejì wáyà serial bí a ti rán wọn. Ìyípadà yìí kò ní kọjá jíjí ẹ̀ẹ̀kan, nítorí náà ẹ̀rù kò gbọdọ̀ bà yín. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi `minicom -C jiji.txt` ṣí minicom kí gbogbo ohun tí ó bá kọjá lè wà nínú fáìlì, nítorí pé ojú ènìyàn kò lè bá a sáré.

Ní ti ìyára, lẹ́tà kan ń ná wa ní bíìtì mẹ́wàá lórí wáyà: mẹ́jọ fún lẹ́tà fúnra rẹ̀, ọ̀kan fún ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan fún ìparí. Ní 9600, a jẹ́ pé lẹ́tà 960 ni yóò kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 115200, yóò jẹ́ 11520. Kernel sì máa ń dúró kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọjá tán, nítorí náà ìyára kékeré ń fa jíjí kọ̀ǹpútà gùn. Mo máa ń lo 9600 bí wáyà bá gùn tàbí bí ó bá ti gbó. Tiyín kò gùn.

Akọ̀wé Yàrá Ẹ̀rọ:

Olùkọ́, ẹ ó pẹ́ fún wa! Ó sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò lè tún ìpín /srv ṣe fúnra òun, ó kọ UNEXPECTED INCONSISTENCY; RUN fsck MANUALLY, lẹ́yìn náà ó ní You are in emergency mode, ó sì ń béèrè ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé root, ìyẹn ọ̀gá kọ̀ǹpútà. Ó wà lọ́wọ́ mi. /srv ni máàkì àwọn ọmọ wà. Ṣé kí n kàn kọ `fsck -y` ni?

Àǹtí Oní-Dísíìkì:

Akọ̀wé, ẹ má kàn án. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyí, mo sì ti rí omijé púpọ̀ lórí lẹ́tà y yẹn. fsck ni ètò tí ó ń yẹ ìpín dísíìkì wò tí ó sì ń tún un ṣe; ńṣe ni `-y` ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo ìbéèrè rẹ̀, títí kan èyí tí yóò gé fáìlì tàbí tí yóò sọ ọ́ sínú lost+found láìní orúkọ. Lórí dísíìkì tí ara rẹ̀ yá, tí iná kàn já mọ́ lọ́wọ́, ó sábà máa ń parí sí ire. Lórí dísíìkì tí ó ń kú lọ, kíkọ nǹkan sí i yóò tètè pa á.

Ẹ kọ́kọ́ bi dísíìkì náà léèrè ìlera rẹ̀ pẹ̀lú `smartctl -a`, bí ètò náà bá wà lórí rẹ̀, kí ẹ wo Reallocated_Sector_Ct (ibi tí ó ti bàjẹ́ tí dísíìkì ti pààrọ̀) àti Current_Pending_Sector (ibi tí ó ń fura sí). Bí àwọn iye tí ó wà níbẹ̀ kò bá jẹ́ òdo, tí wọ́n sì ń pọ̀ sí i, ẹ pa á, kí ẹ gbé e wá fún ẹni tí yóò ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ òdo, ẹ wá dísíìkì USB kan tí ó tóbi ju ìpín náà lọ, kí ẹ fi `dd` da gbogbo ìpín /srv kọ sínú rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ ka orúkọ dísíìkì méjèèjì lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tẹ Enter, nítorí pé ẹni tí ó bá ṣi if (ibi tí a ti ń kà) àti of (ibi tí a ń kọ sí) lò, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi pa iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó lo fsck, kí ẹ sì rí i dájú pé ìpín náà kò sí ní mount, ìyẹn ni pé kò ṣí fún lílò.

Ẹ tún dúpẹ́ pé root yín ní ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé. Ọ̀pọ̀ ni kò fún un ní ọ̀kan nígbà tí wọ́n ń fi Debian sí kọ̀ǹpútà, ohun tí wọ́n sì ń bá ní irú ọjọ́ yìí ni pé root ti wà ní títì, ọ̀nà kò sí.

Oníṣọ́ọ̀bù Tákíé:

Mo fẹ́ sọ ti àmì wúruwùru, kí a má baà gbàgbé rẹ̀. Akọ̀wé, ọmọ ọdún mélòó ni server yìí? Bí iná bá kúrò lára rẹ̀ pátápátá fún ọjọ́ mẹ́ta, bátìrì pẹlẹbẹ orí bọ́ọ̀dù rẹ̀ nìkan ni ó ń bá BIOS rántí ètò. CR2032 ni ó sábà máa ń jẹ́, fóòtì 3. Bí ó bá ti kú, BIOS yóò padà sí bí ó ti rí nígbà tí ó kúrò ní ilé iṣẹ́, ètò serial rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí server sùn, kí ẹ yọ wáyà iná rẹ̀, kí ẹ sì fi mítà wọn bátìrì náà. Ẹ tún wo aago rẹ̀. Bí ó bá ń ka ọdún àtijọ́, ẹ̀rí ti dé.

Bí ẹ bá dé inú BIOS, ẹ dá ìyára padà sí 115200, ṣùgbọ́n ẹ wo ìlà tí ó máa ń jẹ́ Redirection After Boot tàbí ohun tí ó jọ ọ́. Ẹ sọ ọ́ di Disabled. Bí BIOS bá ń bá a lọ láti sọ̀rọ̀ nígbà tí GRUB náà ti gba wáyà, lẹ́tà lè máa jáde ní méjì méjì, àtẹ yóò sì dàrú. Kí ẹ sì fi fóònù ya àwòrán gbogbo ojú ìwé BIOS náà, nítorí pé ẹni tí ó ṣáájú yín kò ya á, ìyẹn ni a ṣe ń méfò lónìí.

Ohun kékeré kan nípa iná: nígbà tí ẹ bá ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ má ṣe so láptọ́ọ̀pù mọ́ jẹnẹrétọ̀ nígbà tí server wà lórí inverter. Wáyà serial ni yóò so iná ibi méjèèjì pọ̀, adápítọ̀ ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ẹ yọ ṣájà, kí ẹ lo bátìrì láptọ́ọ̀pù.

Akọ̀wé Yàrá Ẹ̀rọ:

Mo ti dé o. Ìlera dísíìkì dára, òdo ni iye méjèèjì tí Àǹtí dárúkọ. Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí dísíìkì USB, ó gbà mí ní wákàtí méjì ààbọ̀, iná sì lọ lẹ́ẹ̀kan láàárín rẹ̀, ṣùgbọ́n inverter gbé e. Lẹ́yìn náà ni mo lo fsck láìfi `-y` sí i. Ìbéèrè mọ́kànlá ni ó bi mí, mo sì ka ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n tó dáhùn. Fáìlì méjì bọ́ sínú lost+found, ìwé àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ server ni méjèèjì. Gbogbo máàkì pé.

Bátìrì náà ń ka fóòtì 1.9, aago server sì ń sọ fún mi pé ọdún 2011 ni a wà. Mo ra òmíràn. Inú BIOS, 57600 ni mo bá, mo dá a padà sí 115200. Mo ṣí /etc/default/grub, mo fi ttyS0 sí ìparí nínú GRUB_CMDLINE_LINUX, mo sì lo `update-grub`. Nígbà tí mo tún un tàn, mo rí ọ̀rọ̀ systemd lórí wáyà, ohun tí n kò rí fún ọdún méjì kí ìṣòro yìí tó dé.

Ìbéèrè kan ṣẹ́kù: ṣé ọ̀nà wà tí /srv kò fi ní dá gbogbo server dúró mọ́ bí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀?

Àǹtí Oní-Dísíìkì:

Ó wà. Ẹ fi `nofail` kún ìlà /srv nínú /etc/fstab, fáìlì tí ó ń sọ ìpín tí server yóò ṣí bí ó bá ń jí. Bí ìpín náà bá kọ̀ láti ṣí, server yóò jí láìsí i, yóò sì dáhùn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ètò tí ó ń gba máàkì pé kí ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá /srv ti ṣí ní tòótọ́ kí ó tó kọ ohunkóhun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú àpò òfìfo tí ó wà lórí dísíìkì gbogbogbò ni yóò máa kọ ọ́ sí, ẹ ó sì wá máàkì ọ̀sẹ̀ kan tì.

Akọ̀wé Yàrá Ẹ̀rọ:

Mo ti fi sí i. Mo fi fóònù ya àwòrán ojú ìwé BIOS mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo tẹ̀ wọ́n jáde, mo sì lẹ̀ wọ́n mọ́ inú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tí server wà.